Palermo pẹ̀lú Àlàájà: ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀ ìrìn, ibo la ti máa jókòó?

Títí_Peckham

Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Èmi àti mọ̀mí mi fẹ́ lọ sí Palermo, ní erékùṣù Sísílì, lóṣù kẹwàá tó ń bọ̀. Ọ̀sán Jímọ̀ la máa dé, alẹ́ Mọ́ńdè la máa padà sí London. Mọ̀mí ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ara wọn le, àmọ́ orúnkún òsì kì í jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn púpọ̀. Níbi wáàsí kan ni wọ́n ti gbọ́ pé àwọn Mùsùlùmí jọba níbẹ̀ rí. Àtìgbà yẹn, "Títí, ìgbà wo la ń lọ?" ni wọ́n fi ń kí mi láàárọ̀.

Mi ò fẹ́ bọ́ọ̀sì tó ń sáré gba ojú ilé kọjá. Ẹsẹ̀ la fẹ́ fi rìn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ká rí àwọn ilé àtijọ́, ká jẹun, ká dé etí òkun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀ àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbébẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ wa sọ́nà. Oúnjẹ ńkọ́? Mọ̀mí ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀, wọn ò sì fẹ́ ohun tí ọtí bá kàn.

Ẹ̀gbọ́n_Palermo

Títí, o kú ìmúra. Bá mi kí Àlàájà.

Òkè ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa sọ̀ lọ sí òkun. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń ti etí òkun bẹ̀rẹ̀, wọn ò mọ̀ pé ilẹ̀ ń gòkè. Orúnkún ló máa ń sọ fún wọn. Títì kan ló la ìlú àtijọ́ já láti òkè dé òkun, Via Vittorio Emanuele, tí àwa ará ìlú ń pè ní Cassaro. Láti Porta Nuova lókè títí dé Porta Felice létí òkun, ó tó nǹkan bíi kìlómítà méjì. Ẹ pín in sí ọjọ́ méjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ lè rí i tán láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹni tó bá sáré ló máa rí i tán, ojú ló máa fi rí i, kò ní mọ ohun tó rí.

Láàárọ̀ Sátidé, ẹ wọ tasín lọ sí Piazza Indipendenza. Palazzo dei Normanni ló máa kojú yín, ààfin àwọn ọba Norman. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Sísílì ṣì ń jókòó nínú rẹ̀ dòní, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í jẹ́ kí àlejò wọ yàrá àwọn ọba láti Túsìdeè sí Tọ́sìdeè. Ẹ bọ́ sí àsìkò. Àmọ́ láàárọ̀ Sọ́ńdè, wọ́n máa ń ṣe ìsìn nínú Cappella Palatina, ṣọ́ọ̀ṣì inú ààfin náà, wọ́n á sì ti í mọ́ àlejò fún ìgbà díẹ̀. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ní Sátidé. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Bí ọkọ̀ ojú omi àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ bá já èrò sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìlà á gùn dé ojú títì.

Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ṣọ́ọ̀ṣì náà wà. Lẹ́nu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ ti sọ pé orúnkún ń yọ ìyá lẹ́nu. Àwọn ará Sísílì ń bọ̀wọ̀ fún ìyá arúgbó, wọ́n á wá ọ̀nà.

Olùkọ́_Ìtàn

Kí Àlàájà má kàn wọ Cappella Palatina kí wọ́n jáde o. Kí wọ́n jókòó. Ibẹ̀ gan-an ni ìdí ìrìn àjò yìí.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó. Àwọn Lárúbáwá gba Palermo lọ́dún 831. Àwọn Norman, tí wọ́n wá láti àríwá ilẹ̀ Faransé, gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́dún 1072. Roger Kejì gorí oyè níbẹ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 1130, ó sì bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì inú ààfin yìí lọ́dún 1132. Kristẹni ni Roger, àmọ́ kò lé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá nílẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ Gíríìkì ló fi gíláàsì wẹ́wẹ́ àti góòlù to àwòrán Jésù àti àwọn àpọ́sítélì sára ògiri. Tí ẹ bá wá gbójú sókè, ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí lẹ ó rí. Igi ni wọ́n fi ṣe àjà náà, ó rí ihò-ihò bí afárá oyin, wọ́n sì kun inú ihò kọ̀ọ̀kan: onílù, afunfèrè, àwọn tó ń ta chess, ẹni tó gbé ife ọtí dání. Lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ àdúrà ire fún ọba yí wọn ká. Àjà náà ga púpọ̀, ẹ fi kámẹ́rà fóònù fà á súnmọ́.

Láàfin Roger kan náà ni al-Idrisi, Mùsùlùmí onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé, ti ṣe máàpù ayé àti ìwé tó bá a rìn, tó parí lọ́dún 1154. Kẹ́ ẹ má wá rò pé gbogbo ẹ̀ dùn bí oyin. Ọmọ-ọmọ Roger, Frederick Kejì, ló kó àwọn Mùsùlùmí tó kù ní Sísílì lọ sí Lucera, lórí ilẹ̀ Ítálì gan-an, kúrò nílé bàbá wọn. Ẹ ó rí ibojì rẹ̀ ní kàtídírà lọ́jọ́ kan náà, òkúta pupa ṣíṣókùnkùn, ó ń dán.

Ìyá_Ìbejì_Dublin

Olùkọ́, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹsẹ̀ àti ti ìgbọ̀nsẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ń sọ ọ́.

Òkúta ni wọ́n tẹ́ sí ọ̀pọ̀ títì ibẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ti jẹ ẹ́ títí ó fi ń dán. Tí òjò bá fọ́n sí i, yíyọ̀ ni. Kí Àlàájà wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń gbá ilẹ̀ mú. Kí wọ́n fi bàtà òde ẹ̀ sí ilé.

Lẹ́yìn agogo méjìlá tàbí agogo kan ọ̀sán, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀bù á tì, ó di agogo mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí wọ́n tó ṣí. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ lọ jẹun, kẹ́ ẹ lọ sùn. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ fi rìn, ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ tún jáde.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta ò pọ̀. Ẹ wọ ilé kọfí, ẹ ra kọfí kékeré kan tàbí omi, kẹ́ ẹ béèrè "bagno". Kò sẹ́ni tó máa lé yín.

Wọ́n máa ń wo aṣọ tí wọ́n bá ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì; èjìká àti orúnkún gbọ́dọ̀ bò. Àlàájà ti bo ara tiwọn láti London, Títí ni mò ń bá wí.

Títí_Peckham

Háà, mọ̀mí rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga. Ẹ̀gbọ́n, tá a bá kúrò láàfin ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n_Palermo

Ẹ gba abẹ́ Porta Nuova kọjá, kẹ́ ẹ máa bọ̀ nísàlẹ̀. Kàtídírà wà lápá òsì, kò jìnnà rárá. Ọgbà wà níwájú rẹ̀, ibi ìjókòó wà, igi ọ̀pẹ wà. Kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ dúró ní ìloro apá gúúsù, níbi tí àwọn òpó ti gbé òrùlé ẹ̀ ró. Kí Àlàájà wo òpó tó wà lápá òsì dáadáa. Lẹ́tà Lárúbáwá wà lára ẹ̀. Ẹsẹ Kùránì ni, láti inú Súrátù Al-Aaraaf. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, wọn ò rí i.

Olùkọ́_Ìtàn

Ìdí tó fi wà níbẹ̀ nìyí. Ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lórí ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn Lárúbáwá dé, wọ́n sọ ọ́ di mọ́sálááṣí ńlá ìlú. Àwọn Norman dé, wọ́n dá a padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dún 1185 ni bíṣọ́ọ̀bù àgbà Walter ya ilé tuntun tó kọ́ sí mímọ́, wọ́n sì lo lára òkúta àtijọ́.

Nínú ilé náà, ẹ wo ilẹ̀. Ìlà idẹ kan gba ilẹ̀ náà kọjá, àwòrán àwọn ìràwọ̀ méjìlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ihò kékeré wà lókè tí oòrùn ń gbà wọlé. Lọ́sàn-án gangan, ìtànṣán á bọ́ sórí ìlà, ibi tó bá bọ́ sí ló ń sọ àsìkò ọdún. Giuseppe Piazzi ló ṣe é, ẹni tó wà ní Palermo yìí kan náà nígbà tó kọ́kọ́ rí Ceres, ayé kékeré kan tó ń yí oòrùn po, lójú ọ̀run, lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1801.

Ẹ̀gbọ́n_Palermo

Wọ́n á fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì orí òrùlé kàtídírà fún yín. Títí lè gùn ún, ó dùn ún wò. Àlàájà kí wọ́n jókòó sínú ọgbà. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ há, ó sì ń yí kọ́ńkọ́.

Tó bá di àsìkò ìrun, mọ́sálááṣí kan wà ní Via del Celso, kò jìnnà sí Quattro Canti, oríta àárín ìlú àtijọ́. Ìjọba Tùnísíà ló ń bójú tó o. Ṣọ́ọ̀ṣì nilé yẹn tẹ́lẹ̀ o. Ẹ rí i bí ìlú yìí ṣe rí: kàtídírà tó jẹ́ mọ́sálááṣí rí, mọ́sálááṣí tó jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì rí, ìrìn díẹ̀ ló sì wà láàárín wọn.

Títí_Peckham

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti bà mí jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ pé ká fi Sátidé ṣe ààfin, Àlàájà ti ń sọ pé Jímọ̀ tá a bá dé ni àwọn ń lọ Via del Celso, ẹrù á dúró.

Ọlọ́jà_Ballarò

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Irun ni mò ń dì ní àdúgbò Albergheria ní Palermo, ẹ̀yìn ọjà Ballarò gan-an. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ, torí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí á fi òkúta bọ́ ìyá yín.

Ballarò wà láàárín ààfin àti Via Maqueda, ẹ lè yà síbẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Ọjà ni tòótọ́, kì í ṣe ti ìṣeré. Àwọn ọlọ́jà ń pariwo, ẹja ń dán lórí yìnyín, gbogbo èdè lẹ ó gbọ́. Ọmọ Nàìjíríà pọ̀ níbẹ̀, Edo ló pọ̀ jù, àmọ́ àwa náà wà ńbẹ̀.

Ohun tí Àlàájà lè jẹ láìwẹ̀yìn ni panelle. Chickpea ni wọ́n lọ̀ kúnná, wọ́n á rò ó lórí iná, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á gé e, wọ́n á wá dín in. Wọ́n á kì í sínú búrẹ́dì, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Kò sí ẹran kankan níbẹ̀. Sfincione náà dáa: búrẹ́dì fífẹ̀ tí wọ́n da tòmátò, àlùbọ́sà àti ẹja kéékèèké sí lórí.

Ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún: arancina, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n yí roboto tí wọ́n sì dín. Èyí tí wọ́n ń pè ní "al burro", hamu, ìyẹn ẹran ẹlẹ́dẹ̀, wà nínú ẹ̀. Ti ẹran lílọ̀ náà, ẹlẹ́dẹ̀ lè wà níbẹ̀. Ti spinach ni kẹ́ ẹ béèrè. Pani ca meusa, ẹran inú màlúù ni, pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró, àmọ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń yan án. Stigghiola jẹ́ ìfun àgùntàn tí wọ́n wé mọ́ àlùbọ́sà tí wọ́n sun lórí èédú. Òórùn ẹ̀ á pè yín láti ọ̀nà jíjìn, àmọ́ ẹni tí kì í jẹ ẹran tí wọn ò fi bísímílà pa, kó máa lọ.

Cannolo, ìpápánu aládùn wọn, ńkọ́? Gbogbo èèyàn ń sọ pé dandan ni. Ẹ gbọ́ mi: bí wọ́n ṣe ń ṣe èèpo ẹ̀ látijọ́, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ àti ọtí Marsala ń wà níbẹ̀. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó rà: "C'è strutto? C'è Marsala?" Tí ojú onítọ̀hún bá kọ́kọ́ yí, ẹ ti gba èsì yín. Granita ọsàn wẹ́wẹ́, ìyẹn yìnyín lílọ̀ aládùn, ò ní wàhálà kankan. Èso martorana náà, álímọ́ńdì àti ṣúgà ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n kùn ún títí ó fi jọ èso gidi. Ẹ̀rín ni Àlàájà máa rín.

Àwọn ará Bangladesh ní ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò yẹn, ẹ ó rí "halal" tí wọ́n kọ sára ẹ̀. Fóònù àti pọ́ọ̀sì, iwájú ara ni kẹ́ ẹ gbé e sí, bí ẹ ṣe máa ṣe ní Òṣòdì.

Wálé_Houston

Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ Catacombe dei Cappuccini? Kí lẹ wá ń lọ Palermo fún! Ibẹ̀ ló wù mí jù. Àwọn àlùfáà Capuchin ló bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ òkú sí abẹ́ ilẹ̀ ilé wọn láti ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkú ló wà níbẹ̀, wọ́n wọ aṣọ wọn, wọ́n dúró lára ògiri: àlùfáà lọ́tọ̀, agbẹjọ́rò lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Ọmọdébìnrin kan, Rosalia Lombardo, tó kú lọ́dún 1920, wà níbẹ̀ bí ẹni tó ń sùn.

Ìyá_Ìbejì_Dublin

Wálé! O fẹ́ kí ìyá ẹni tó lé ní àádọ́rin ọdún lọ máa wo òkú tí wọn ò sin? Èèwọ̀ ni.

Wálé_Houston

Ẹ má bínú, màámi. Kì í ṣe ìran wíwò lásán. Láyé àtijọ́, àwọn mọ̀lẹ́bí máa ń wá kí òkú wọn níbẹ̀, wọ́n máa ń pààrọ̀ aṣọ fún wọn, wọ́n máa ń gbàdúrà. Ilé tó bá sin bàbá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń fi àga síbẹ̀ jókòó, kí ló kù tó máa bá a lẹ́rù?

Ìyá_Ìbejì_Dublin

Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ la sin ín sí, kì í ṣe ara ògiri.

Ẹ̀gbọ́n_Palermo

Ẹ fi í sílẹ̀. Kò tilẹ̀ sí lójú ọ̀nà Cassaro, ẹ máa wọ ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò. Ẹni tó bá wù kó lọ. Lójú tèmi, tí ẹ bá máa kúrò lójú ọ̀nà rárá, ilé Zisa ni kẹ́ ẹ gba lọ.

Olùkọ́_Ìtàn

Mo gbè yín lẹ́yìn. Àwọn ọba Norman ló kọ́ Zisa fún ìgbafẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín 1160 sí 1170. Omi ń sun láti inú ògiri yàrá ìsàlẹ̀, ó ń gba ojú ilẹ̀ ṣàn síta, atẹ́gùn ń gba orí omi wọlé, ilé á tutù. Nínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀, ẹ wá òkúta ibojì kan tó ti wà láti ọdún 1149. Àlùfáà kan láàfin Roger, Grisanto, ló gbé e kalẹ̀ fún ìyá rẹ̀, Anna. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n gbà kọ ọ̀rọ̀ orí ẹ̀: Látìnì, Gíríìkì, Lárúbáwá, àti Lárúbáwá tí wọ́n fi lẹ́tà Hébérù kọ. Ọmọ tó sin ìyá ẹ̀ kí gbogbo ìlú lè kà á.

Títí_Peckham

Mo ka gbogbo ẹ̀ fún mọ̀mí. Ti òkú ara ògiri, wọ́n ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́", ọ̀rọ̀ ti parí. Ti òkúta ìyá àlùfáà, wọ́n ní ká kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bá wa sọ ti Sọ́ńdè.

Ẹ̀gbọ́n_Palermo

Sọ́ńdè, Quattro Canti ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, oríta tí Cassaro àti Via Maqueda ti pàdé. Ìgbà tí àwọn ọba Sípéènì ń ṣàkóso Sísílì ni wọ́n kọ́ ọ, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Igun mẹ́rin ló ní, wọ́n sì jọra: ìsun omi àti ère ìgbà ọdún kan nísàlẹ̀, ọba Sípéènì kan láàárín, obìnrin mímọ́ kan lókè. Bí oòrùn ṣe ń yí ló ń bọ́ síwájú igun kan kúrò níwájú òmíràn.

Ẹ yà sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ó bá ìsun omi Piazza Pretoria. Ìhòòhò ni ère tó pọ̀ jù níbẹ̀, Àlàájà, ẹ forí jì wá. Ọgbà olówó kan ní Florence ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Lọ́dún 1573 ni ìlú Palermo rà á, wọ́n tú u sí ègé tó lé ní 600, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá, wọ́n wá tún un tò. Ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ Santa Caterina wà níwájú ẹ̀ gan-an. Ẹ̀yin náà ẹ fojú inú wò ó. Àwọn ará ìlú ń pè é ní ìsun omi ìtìjú títí dòní.

Olùkọ́_Ìtàn

Lẹ́yìn ibẹ̀ ni Piazza Bellini, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti pẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì méjì jọ dúró sórí ilẹ̀ gíga kékeré kan. San Cataldo ló ní orí rìbìtì pupa mẹ́ta. Wọ́n fi ṣe ilé ìfìwéránṣẹ́ nígbà kan rí, ó sì ṣófo nínú. Èkejì ni Martorana. George ará Antioch, ọ̀gágun ojú omi Roger Kejì, ló kọ́ ọ lọ́dún 1143. Àwòrán méjì ni kẹ́ ẹ wá nínú ẹ̀, tí wọ́n fi gíláàsì wẹ́wẹ́ tò. Nínú ọ̀kan, Jésù ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé adé fún Roger, ojú ọba náà sì jọ ojú Jésù. Ọba ló sanwó, ẹ má gbàgbé. Nínú èkejì, George fúnra ẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màríà Wúńdíá, ikùn nílẹ̀, orí ló gbé sókè díẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá wò ó ò nílò ẹni tó máa túmọ̀ ẹ̀ fún un.

Kúnlé_Bahia

Ẹ kú ìjíròrò o, láti Salvador. Ẹnì kan wà ní Palermo tí ẹ ò tíì dárúkọ, tí gbogbo aláwọ̀ dúdú Bràsíl mọ̀: São Benedito. San Benedetto il Moro ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ọmọ ẹrú ni, àwọn òbí rẹ̀ wá láti Áfíríkà. Ìlú San Fratello ní Sísílì ni wọ́n ti bí i ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ó di ará ilé àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ Francis, Santa Maria di Gesù, ní ẹ̀yìn Palermo. Alásè ni. Kò mọ̀wé, síbẹ̀ wọ́n fi í jẹ olórí ilé náà. Ọdún 1589 ló kú, ọdún 1807 ni póòpù kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́. Kó tó di ìgbà yẹn, àwọn ẹrú ní Bràsíl ti ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀, wọ́n ń fi owó ẹgbẹ́ sin òkú wọn, wọ́n ń fi ra ara wọn padà lóko ẹrú.

Iná igbó jó ṣọ́ọ̀ṣì náà lóṣù keje ọdún 2023, ó sì jó òkú ẹni mímọ́ tí wọ́n tọ́jú síbẹ̀. Ó dùn wá níbí púpọ̀.

Ọlọ́jà_Ballarò

Bẹ́ẹ̀ ni. Àwòrán rẹ̀ ńlá wà lára ògiri ilé kan ní àdúgbò wa níbí, pẹ̀lú ojú rẹ̀ dúdú kedere. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀ ẹ̀. Santa Rosalia ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Palermo, torí àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1624 àti àjọ̀dún ńlá oṣù keje, àmọ́ òun náà wà lára àwọn alábòójútó ìlú.

Ẹ̀gbọ́n_Palermo

Ẹ padà sórí Cassaro, kẹ́ ẹ máa sọ̀ lọ. Piazza Marina ló kàn. Ẹ jẹ́ kí Àlàájà jókòó sábẹ́ igi tó wà nínú ọgbà Garibaldi. Ọsirélíà ni irú igi náà ti wá, mọ̀lẹ́bí igi ọ̀dán wa ni, gbòǹgbò ń já láti ẹ̀ka wá sílẹ̀ títí ó fi di òpó. Igi kan ṣoṣo ló bo ibẹ̀ tó yẹn.

Ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà náà ni Palazzo Steri. Ìdílé Chiaramonte ló bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ lọ́dún 1307. Nígbà tó yá, ilé ẹjọ́ Inquisition ti ìjọ Àgùdà lò ó, wọ́n ń ti àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn àdámọ̀ kàn mọ́ ẹ̀wọ̀n ibẹ̀ títí di 1782. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà ya àwòrán sára ògiri: ẹni mímọ́, ọkọ̀ ojú omi, máàpù Sísílì, wọ́n sì kọ ewì. Ẹni tí yóò mú yín yíká ni wọ́n máa fún yín, ẹ ò lè dá rìn níbẹ̀. Mo ti mú àlejò púpọ̀ lọ, kò sí èyí tó jáde tó ń sọ̀rọ̀.

Palazzo Abatellis wà nítòsí, fún ẹni tó bá fẹ́ràn àwòrán. Annunciata ti Antonello da Messina wà níbẹ̀. Tó bá ti rẹ̀ yín, ẹ fò ó.

Àdúgbò Kalsa lẹ wà nígbà yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Giovanni Falcone àti Paolo Borsellino, àwọn adájọ́ méjì tí Máfíà fi bọ́ǹbù pa lọ́dún 1992. Orúkọ wọn ló wà lára pápákọ̀ òfuurufú tẹ́ ẹ máa bà sí. Ẹ kọjá Porta Felice, òkun nìyẹn. Pápá koríko Foro Italico tẹ́ ẹ máa jókòó lé, àwókù ilé tí bọ́ǹbù ogun wó lọ́dún 1943 ni wọ́n kó dà síbẹ̀ tí ilẹ̀ fi gbòòrò sí i.

Wálé_Houston

Mọ́ńdè ńkọ́? Kí wọ́n lọ sí Monreale, ìlú tó wà lórí òkè nítòsí Palermo! Bọ́ọ̀sì 389 láti Piazza Indipendenza.

Ẹ̀gbọ́n_Palermo

Ó lẹ́wà, mi ò jiyàn. Àmọ́ alẹ́ Mọ́ńdè ni bàálù wọn, orúnkún sì ti rìn fún ọjọ́ méjì. Kí wọ́n fi àárọ̀ wo Teatro Massimo ní Via Maqueda, ilé eré orin tó tóbi jù ní Ítálì. Ọdún 1897 ni wọ́n ṣí i. Wọ́n tì í lọ́dún 1974 kí wọ́n lè tún un ṣe, ọdún 1997 ni wọ́n tó tún un ṣí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé Nàìjíríà nìkan ni iṣẹ́ ìjọba ti ń pẹ́!

Títí, tí ẹsẹ̀ bá kọ̀ níbikíbi, ẹ wá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, Ape ni wọ́n ń pè é, kẹ̀kẹ́ Márúwá gan-an ni. Wọ́n kún Quattro Canti àti iwájú kàtídírà. Ẹ dúnàá dúrà kẹ́ ẹ tó gùn ún, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá iye owó náà jẹ́ ti ẹnì kan tàbí ti kẹ̀kẹ́ odindi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú àlejò.

Títí_Peckham

Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè méjì péré ló kù: láti pápákọ̀ dé ìgboro, tasín ni àbí ọkọ̀ ojú irin? Ṣé wọ́n ń gba káàdì ní Ballarò?

Ọlọ́jà_Ballarò

Àwọn kan ń gbà, onípanelle ò ní gbà. Ẹ ní ẹyọ owó Yúrò lọ́wọ́. Ẹ má fi ìwé ńlá ra nǹkan kékeré láàárọ̀ kùtù, wọn ò ní ní ṣéńjì, wọ́n á sì fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Ẹ̀gbọ́n_Palermo

Ó tó nǹkan bíi kìlómítà márùndínlógójì. Ọkọ̀ ojú irin ń lọ tààrà sí Palermo Centrale, bọ́ọ̀sì ńlá náà ń lọ síbẹ̀. Bọ́ọ̀sì ni mo máa yàn fún Àlàájà, torí ó máa ń dúró láàárín ìgboro kó tó dé Centrale, ẹ lè sọ̀ níbi tó bá sún mọ́ ilé tẹ́ ẹ máa dé sí. Apá ọ̀tún ni kí Àlàájà jókòó sí tẹ́ ẹ bá ń padà sí pápákọ̀, apá òsì tẹ́ ẹ bá ń bọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa rí òkun. Ilé wo lẹ gbà, ṣé ní Kalsa ni àbí nítòsí Teatro Massimo?

Títí_Peckham

Via Maqueda, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta. Wọ́n ní ẹ̀rọ agbénigòkè wà.

Ìyá_Ìbejì_Dublin

Pè wọ́n lónìí, kó o béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́.